Ẹ̀rọ Tó Wọ Sùtánà

Inú ti ń bí mi kí n tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Òde-Omi ni mo ti lọ kó ìbínú. Láti Atikori, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti gbé e dání. Mo gbé e wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbé e dé Mákùn-Omi, mo sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà mi. Obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ní kí n jọ̀wọ́ gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lára agbọ̀n ẹja òun. Mo wò ó lójú títí òun fúnra rẹ̀ fi gbé agbọ̀n náà kúrò.

Ohun tó ń bí mi nínú kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìyá mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, ó mú un lápá ọ̀tún, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ó mọ gbogbo wa, àmọ́ bó bá la ẹnu, "wá, wá, wá" nìkan ló ń jáde. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Atikori. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n kàn wá ohùn rẹ̀ nínú fóònù mi kí n gbọ́ ọ, n kò rí ẹyọ kan. Èmi fúnra mi ni mo pa gbogbo fọ́ìsì nóòtì tó fi ránṣẹ́ sí mi rẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, nítorí pé wọ́n gùn, wọ́n sì ń gba àyè. Èmi tí mò ń fi fídíò jẹun! Ohùn ìyàwó tí n kò mọ̀ rí, ohùn olóyè tó sọ̀rọ̀ wákàtí méjì lórí ìwúyè, gbogbo rẹ̀ ni mo tọ́jú sínú dísìkì méjì méjì ní ṣọ́ọ̀bù. Ti ìyá mi nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí ohùn náà kù sí ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀nà bàbá mi ni mo tọ̀, àmọ́ ọmọ Aládùúrà ni ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ó padà sílé wọn ní Òde-Omi, ó padà sínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Òun ló ń dá orin fún wọn, òun náà ló ń rán sùtánà fún ọmọdé àti àgbà. Ọdún méje gbáko ni ìjọ fi ń ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀: orin, ẹ̀rí, àdúrà àárọ̀ Ọjọ́rú. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí ni wọ́n pè mí pé ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ tuntun ta ìjọ lọ́rẹ, pé lọ́túnla ni ẹni tó máa gbé ti àtijọ́ lọ yóò dé, yóò sì nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, kí n yára.

Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi kó o. Ìgbà tó ku ọjọ́ méjì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mi. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń kúrò ní Òde-Omi ní aago márùn-ún, n kò sì lè sùn síbẹ̀, nítorí aládùúgbò tí mo ní kó bá mi wo ìyá mi ti sọ fún mi pé òun kò lè dúró di ọjọ́ kejì. Bí n kò bá kó ohùn náà lọ́jọ́ yẹn, ó tán nìyẹn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, bàbá kan ni mo bá nídìí ẹ̀rọ, kafinta tó ti fẹ̀yìn tì, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, sùtánà rẹ̀ funfun, kò wọ bàtà. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí tí kọ̀ǹpútà náà wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ ọ, mo pòṣé.

Mo ti rí oríṣiríṣi nínú iṣẹ́ yìí, àmọ́ n kò tíì rí kọ̀ǹpútà tó wọ sùtánà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn da aṣọ bò ó o. Wọ́n rán an fún un ni. Ó ní ọrùn, ó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn láti òkè délẹ̀, ó ní apá méjì tí àwọn wáyà ń gbà jáde, wọ́n sì fi okùn búlúù dì í ní ìbàdí. Ojú gíláàsì rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Mo bi Bàbá pé kí nìyí. Ó ní kò sí ohun tó ń wọ ibi mímọ́ láìwọ funfun, ì báà ṣe èèyàn, ì báà ṣe àga. Mo wò yíká, lóòótọ́ ni àwọn àga wọn wọ funfun. Mo ní ẹn-hẹn, mo tú kọ̀ǹpútà tèmi sílẹ̀, n kò sì wo aṣọ náà mọ́.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó tó ọ̀ọ́dúnrún gígábáìtì, nítorí kì í ṣe ohùn nìkan, fídíò pọ̀ níbẹ̀. Mo fi wáyà so ẹ̀rọ wọn mọ́ láàpútọ́ọ̀pù mi, mo yan fódà náà, mo ní kó máa dà sọ́dọ̀ mi. Ó gbéra. Ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Ẹ̀rọ kọ ọ́ síwájú mi pé àádọ́ta ìṣẹ́jú ló kù. Inú mi rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Mo tiẹ̀ dá Bàbá lóhùn dáadáa nígbà tó bi mí léèrè àlàáfíà ìyá mi.

Ìdùnnú náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ọgọ́rùn-ún di ogójì, ogójì di mọ́kànlá, mọ́kànlá di mẹ́rin, ó sì dúró síbẹ̀. Mo wo àkókò tó kù. Wákàtí mọ́kànlélógún. Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà dúró, ó wò mí, ó sì tún ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ bú.

"Irú wáyà gbàrọgùdù wo lẹ rà síbí, Bàbá?"

"Èmi kọ́ mo rà á, ọmọ mi."

"N kò bi yín léèrè ẹni tó rà á, sà!"

Mo fa wáyà náà yọ kúrò nínú apá sùtánà, mo tú èyí tí mo gbé wá láti Atikori, mo sì ki ọwọ́ bọ inú apá náà dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó rí ihò tí mo máa kì í bọ̀. Ooru tó wà nínú ibẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ta ni ooru kì í mú ní Òde-Omi lọ́sàn-án gangan? Èmi náà ti rin gbingbin fún òógùn.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "aṣọ yẹn, ìyá tó..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ṣẹ́."

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún. Mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀, wáyà ni! Mo ń fọ́nnu lọ́wọ́ ni ó tún já wá sí mẹ́rin. Mo bú ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, mo pa á nínú ẹ̀rọ méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀. Mo ní bóyá àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù, pé orin kéékèèké ló ń dí ọ̀nà, mo fi wọ́n sílẹ̀, mo mú fídíò ńlá kan ṣoṣo. Mẹ́rin. Mo bú àwọn alákòóso ìjọ tí wọn kò lè pe oníṣẹ́ gidi. Mo bú ìjọba tí kò fún wọn ní iná. Mo bú ẹni tó fi ẹ̀rọ tuntun tọrẹ, bí ẹni pé ọrẹ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bàbá tún la ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i, mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró ná.

Aago méjì ti lù kí ojú mi tó là díẹ̀. Agọ́-Ìwòyè ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń to láti ìdí kọ̀ǹpútà wa dé títì kí wọ́n lè gba fíìmù àti ìwé lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀gá mi níbẹ̀, obìnrin kan tó le bí ojú ẹja, máa ń sọ fún wa pé bí omi kò bá ṣàn, kí a má bú páìpù kí a tó wo táǹkì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bú páìpù. Mo mú dísìkì mi jáde nínú báàgì, mo da fídíò ńlá kan láti inú rẹ̀ sínú láàpútọ́ọ̀pù, ó sáré láìdúró. Ọ̀dọ̀ tèmi kò ní ìṣòro. Mo wá ṣí ibi tí ẹ̀rọ wọn ti ń fi ìṣe ara rẹ̀ hàn. Dísìkì wọn ń ṣiṣẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó kún dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jáde níbẹ̀ kò ju ẹ̀kán lọ.

Mo tún ki ọwọ́ bọ inú apá sùtánà náà, mo wá dísìkì náà lọ. Mo fi ìka kàn án, mo sì fa ọwọ́ yọ pẹ̀lú igbe. Ó gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Irú dísìkì tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú ni. Ó yára, àmọ́ ó gbọ́n ju àwa tí à ń lò ó lọ. Bí ooru bá ti mú un jù, yóò máa fà sẹ́yìn, yóò dín eré rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Bí mo bá sinmi díẹ̀, á tutù díẹ̀, á sáré díẹ̀. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, ooru á tún mú un. Ẹ̀rọ kò ṣe ohun tó burú rárá. Wọ́n fi í sínú àpótí, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ tó nípọn, wọ́n dì í ní bọ́tìnnì títí dé ọrùn, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́.

"Bàbá, ẹ bọ́ aṣọ yìí."

"A kì í ṣàdédé bọ́ ọ, ọmọ mi. Wọ́n gbàdúrà sí i ni. Ìyá Ìjọ á dé láti ọjà ní aago mẹ́rin, a ó gbàdúrà, a ó wá..."

"Aago mẹ́rin kẹ̀! Ohùn ìyá mi ń jóná, ẹ ní kí n dúró de aago mẹ́rin?"

"Wè é jẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ìyá tó rán an..."

"Ìyá tó rán an ni kò lọ́pọlọ!" Ohùn mi gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. "Ta ló ń wọ ẹ̀rọ láṣọ? Òpònú wo ló jókòó tó rán irú nǹkan yìí? Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Bàbá fà sẹ́yìn. Ó wo ilẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Mo di ọrùn sùtánà náà mú ní ọwọ́ méjèèjì, mo sì fà á ya láti òkè dé ìbàdí. Bọ́tìnnì kan fò lọ sábẹ́ àga. Mo ṣí àpótí, ooru inú rẹ̀ fẹ́ lù mí lójú, mo gbé dísìkì náà síta sórí tábìlì pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lára, mo sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti sá jáde.

Bàbá kò bá mi jà. Ó kó aṣọ náà nílẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ̀bẹ̀ kan wá, ó jókòó ti dísìkì náà, ó ń fẹ́ ẹ. Lójú mi báyìí ni mẹ́rin di ogún, ogún di ọgọ́ta, ọgọ́ta di ọgọ́rin, ó sì dúró síbẹ̀ láìtún já mọ́. Ó lé ní wákàtí kan tí bàbá arúgbó yẹn fi fẹ́ ẹ. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá rẹ̀ ẹ́, á gbà á sí òsì. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú ṣì wà nílẹ̀, mo sì ń wá ẹni tí màá tún bú.

Ó parí nígbà tí aago mẹ́rin kò tíì lù. Mo fẹ́ di ẹrù mi, Bàbá ní kí n dúró ná.

"Ṣí ọ̀kan wò, bóyá ó mú un. Ṣí èyí." Ó fi ìka rẹ̀ tó wú tọ́ka sí i lójú gíláàsì. "Ọjọ́ tí a wọ ẹ̀rọ láṣọ."

Mo ṣí i. Ohùn ìyá mi jáde.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kò gbọ̀n, kò rẹ̀, ó dún gbangba bó ṣe máa ń dún nígbà tó bá ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Orin ló kọ́kọ́ dá, ìjọ gbè é. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kẹ́ni kankan bọ́ ọ o. Mèé mọ̀wé, mèé sì mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Mo pè é. Mo ní eruku àti atẹ́gùn oníyọ̀ yìí ń bá ẹ̀rọ Olúwa jẹ́, kí la ó ti ṣe é? Ó ní, 'Màámi, ẹ bò ó. Ẹ bò ó pátápátá, kí atẹ́gùn má ráyè wọ ibẹ̀.' Ohun tó wí rèé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo fi rán an." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. "Kì í pẹ́ lórí fóònù, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba tó bá sọ fún mi, gbogbo rẹ̀ ni mò ń pa mọ́."

Astagfirullah. Mo rántí ìpè náà. Oníbàárà kan wà níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù, fídíò rẹ̀ ti pẹ́, fóònù sì ń dún. Mo gbé e, mo gbọ́ "ẹ̀rọ ìjọ", mo ti mọ̀ pé á gùn. Kó lè gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. N kò tiẹ̀ ronú kan ohun tí mo sọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Agọ́-Ìwòyè, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ń mí, òun ló ní kí wọ́n dí i nímú.

"Ohun tí mo fẹ́ wí láti ọ̀sán nìyẹn," ni Bàbá wí. Kò pariwo. "Aṣọ tó rán kẹ́yìn nìyí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí àìsàn náà dé."

Ó gbé aṣọ tó ya náà lé mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá bọ́tìnnì tó fò lọ sábẹ́ àga, ó fún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí ọkọ̀ má lọ fi mí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù síwájú ìyá mi, mo jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ orin náà, ó ń mi orí, ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. N kò jẹ́ kó dé ibi ọ̀rọ̀. Mo wá mú sùtánà náà jáde, nítorí kò sí bí mo ṣe lè fi í pamọ́ fún un. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tọ ìlà rírán rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, títí ọwọ́ náà fi dé ibi tó ti ya. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Èmi ni, Màámi," ni mo wí. "Èmi ni mo fà á ya. Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ bò ó."

Ó na ọwọ́ òsì sí àpótí ìránṣọ rẹ̀. Mo gbé e fún un. Kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi ni mo fi í bọ̀ ọ́, ó gbà mí ní ìgbà márùn-ún. Ó wá ti abẹ́rẹ́ náà sọ́dọ̀ mi pé kí n máa rán an. N kò rán aṣọ rí láyé mi. Mo rán an tó bí ìka kan, ó wò ó, ó sì fi eyín tú gbogbo rẹ̀. Mo tún un rán, ó tún un tú. Nígbà kẹta, ó gbé ohùn sókè sí mi: "Wá, wá, wá! Wá, wá, wá!" Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń na ọwọ́ òsì sí abẹ́rẹ́, sí aṣọ, sí èmi. Ìbínú ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún rẹ̀.

Mo rọra fa fóònù mi jáde, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò já a lẹ́nu. Ó bá mi wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó gùn, ó sì gba àyè. Mo pa á mọ́.